Kànga Ò Ní Bíìlì, Àmọ́ Omi Inú Rẹ̀ Níye

Ní Àkúrẹ́, bí ẹ bá ní kí ẹni tó ń fi omi kànga fọ mọ́tò rọra lò ó, èsì kan náà lẹ máa gbọ́: "Ta ló ń gba owó omi lọ́wọ́ mi? Ojú omi ni wọ́n gbẹ́ kànga yìí sí." Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí. Ohun tó wà lọ́kàn wa ni pé odò kan ń ṣàn lábẹ́ ilẹ̀, bí a ṣe ń fà á ló ń wọlé padà.

Odò tó là ìgboro Àkúrẹ́ kọjá ni Àlà, gbogbo wa la sì ń rí i. Ti abẹ́ ilẹ̀ yẹn, àròsọ ni. Orí àpáta líle la tẹ̀dó sí, àpáta kì í sì í fa omi mu. Inú erùpẹ̀ tó bò ó mọ́lẹ̀, ìyẹn òkúta tó ti jẹrà láti ayébáyé, àti inú ibi tí àpáta náà ti sán, ni omi ń sá pamọ́ sí. Òjò tó ń rọ̀ láti bí oṣù kẹta títí dé oṣù kẹwàá ló ń rìn lọ síbẹ̀. Bí ọyẹ́ bá dé, òjò ò wọlé mọ́, àwa ò sì yéé fà. Ìdí nìyẹn tí okùn ìfami fi ń gùn sí i bí ẹ̀ẹ̀rùn ṣe ń le. Àwọn kan á ní kí wọ́n kàn tún un gbẹ́ jìn sí i. Tí irin agbẹ́kànga bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í dún kọ̀ǹ-kọ̀ǹ lórí àpáta, owó lẹ ń gbẹ́ nìyẹn, kì í ṣe omi. Pọ́ńpù aládùúgbò yín náà sì lè máa fà nínú ìkòkò kan náà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Kànga tó fẹ̀ ní mítà 1, tí omi inú rẹ̀ ga ní mítà 1, líta 785 péré ló gbà, bíi kẹ́ẹ̀gì onílíta 25 mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ṣáláńgá òyìnbó àtijọ́ ń da líta 9 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan. Bí èèyàn 5 bá lò ó lẹ́ẹ̀mẹ́rin lójúmọ́, líta 180 ti lọ, ẹnikẹ́ni ò tíì wẹ̀. Lóòótọ́, díẹ̀ ń sun padà lóru, àmọ́ nínú ẹ̀ẹ̀rùn, sísun náà kì í yá. Omi tí a fi ṣan aṣọ kẹ́yìn ti tó dà sí ṣáláńgá.

Ti ọgbà ẹ̀yìnkùlé: ẹ má fi rọ́bà wọ́n tẹ̀tẹ̀ àti ewédú lọ́sàn-án gangan, oòrùn lẹ ń fún lómi. Ẹ bu ú sí ìdí wọn ní ìdájí tàbí ìrọ̀lẹ́, kí ẹ sì fi koríko gbígbẹ bo ilẹ̀ náà. Omi tí ẹ fi ṣan ìrẹsì, ìdí ilá ni kó lọ.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti orí páànù. Òjò mìlímítà 10 lórí òrùlé tó fẹ̀ ní mítà 10 sí 10, líta 1,000 ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé díẹ̀ á ṣòfò nínú rẹ̀. Gọ́tà ló ń gbé e lọ, lójú àwa tá a máa pe ẹlẹ́kẹ́ẹ̀gì ní oṣù kejì! Dúrọ́ọ̀mù tí a bò dáadáa nítorí ẹ̀fọn ti tó bẹ̀rẹ̀.

Nílé wa, a ta kókó sí okùn ìfami ní mítà kọ̀ọ̀kan. Láàárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó fami, a máa ń sọ ọ́ sílẹ̀ títí yóò fi kanlẹ̀, a ó sì wo ibi tó tutù dé. Lọ́dún tá a bẹ̀rẹ̀, ó ku kókó kan àtààbọ̀ nínú oṣù kejì. Ọkọ mi wò ó, ó wo mọ́tò rẹ̀, ó ní eruku ò pa ẹnikẹ́ni rí.