Ẹ́ńjìnnì Triumph nínú férémù Norton: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí òfin tuntun

Kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an?

Láti ọjọ́ 26 oṣù August 2025, DVLA, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti yí òfin padà lórí ọkọ̀ àtijọ́. Ẹni tó bá tún tirẹ̀ ṣe tó ṣì rí bó ṣe rí nígbà tó jáde, tí ohunkóhun ò yí padà nínú ìwé ọkọ̀, kò ní láti sọ fún wọn mọ́. Ẹni tó bá gé egungun irin rẹ̀ tàbí tó yí bí wọ́n ṣe tò ó padà lè máa lo nọ́ńbà àtijọ́ lọ, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ sọ. Ìdajì ìròyìn yìí làwọn kan gbọ́, wọ́n wá rò pé ìjọba ti ní kí oníkálùkù máa so ohun tó bá wù ú pọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Triton ni mo máa fi ṣàlàyé, torí òun lókìkí jù nínú àwọn alùpùpù tí wọ́n fi méjì tò.

Kí ni Triton?

Ẹ́ńjìnnì Triumph tí wọ́n gbé sínú férémù (egungun irin alùpùpù) Norton. Iléeṣẹ́ alùpùpù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni méjèèjì. Àwọn ọ̀dọ́ àti mẹ̀káníìkì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ń tò ó ní àwọn ọdún 1950 àti 1960.

Kí ló dé tí wọn ò gun odidi Norton tàbí odidi Triumph?

Torí pé ohun tí ọ̀kan ní, èkejì ò ní in. Rex McCandless, ará Belfast, ló gbé férémù Featherbed kalẹ̀ fún Norton. Ní 1950 ni wọ́n gbé e wọ eré ìje, ọdún yẹn náà ni Geoff Duke sì fi gba Senior TT, eré ìje alùpùpù ńlá kan ní Isle of Man. Páìpù méjì ni wọ́n tẹ̀ yípo tó gbá ẹ́ńjìnnì mọ́ra lókè nísàlẹ̀, kí férémù má baà lọ́ nígbà tí ẹni tó ń gùn ún bá dẹ̀ ẹ́ sí kọ́nà.

Triumph ní tirẹ̀ mọ ẹ́ńjìnnì í ṣe. Láti ìgbà tí Edward Turner ti gbé alùpùpù Speed Twin jáde ní 1937 ni ẹ́ńjìnnì onísìlíńdà méjì wọn ti gbajúmọ̀: ó fúyẹ́, àtúnṣe rẹ̀ ò le, agbára sì ṣeé fà yọ nínú rẹ̀. Alùpùpù wọn mìíràn, Bonneville 650, tẹ̀ lé e ní 1959, gbogbo ọ̀dọ́ sì ń wá a. Àmọ́ bí Triumph ayé ìgbà náà bá wọ kọ́nà pẹ̀lú eré, ìdí rẹ̀ á máa jù. Ẹni tó fẹ́ sáré tó sì tún fẹ́ padà délé láyọ̀ mọ ohun tó yẹ kó ṣe.

Ta ló ń ta férémù láìsí ẹ́ńjìnnì?

Ibi tí mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn yìí nìyí, torí mọ́tò ló dá a sílẹ̀. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, eré ìje mọ́tò kékeré tó ń lo ẹ́ńjìnnì 500 cc gbòde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ́ńjìnnì Manx Norton, alùpùpù ìje Norton, làwọn tó ń díje ń wá lójú méjèèjì, Norton ò sì ta ẹ́ńjìnnì lọ́tọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ á ra odidi alùpùpù, á yọ ẹ́ńjìnnì sínú mọ́tò, á wá ta férémù, fọ́ọ̀kì, wíìlì àti bíréèkì. Bí férémù tó dáa jù nígbà náà ṣe wà nílẹ̀ lófìfo nìyẹn.

Ṣé ẹ́ńjìnnì náà kàn máa ń wọlé ni?

Rárá. Ihò tí wọ́n fi ń de ẹ́ńjìnnì Triumph ò bá ti férémù Norton mu, nítorí náà wọ́n máa ń gé irin pẹlẹbẹ tàbí alumíníọ̀mù láti so méjèèjì pọ̀. Irin yìí ló ń pinnu bóyá ṣéènì á tọ́. Mẹ̀káníìkì tó mọṣẹ́ á fi irin tó tọ́ gbọọrọ lé ẹ̀gbẹ́ àwọn àgbá eléyín tí ṣéènì ń yí lé lórí, á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á wò ó bóyá ìmọ́lẹ̀ ń yọ láàárín. Bó bá ń yọ, ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ sún. Tó bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ṣéènì á máa jẹ eyín lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan títí á fi já.

Ẹ tún wo òkè. Písítìn méjèèjì inú ẹ́ńjìnnì yìí jọ ń gòkè ni, wọ́n jọ ń sọ̀kalẹ̀, ó sì máa ń gbọ̀n gan-an. Irin kékeré kan gbọ́dọ̀ so orí ẹ́ńjìnnì mọ́ férémù. Tí kò bá sí níbẹ̀, irin ìsàlẹ̀ ló máa sán.

Bí nọ́ọ̀tì bá ti wọ bóòtù, ṣé kò tó?

Kò tó. Ọ̀pọ̀ bóòtù alùpùpù Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ní ìlà 26 (ìlà tí nọ́ọ̀tì ń yí gbà) nínú ínǹṣì kan. Irú tí Triumph ń lò nígbà tí àwọn ọdún 1960 ń parí lọ ní 24 fún ìwọ̀n kan náà. Nọ́ọ̀tì 24 lè bá bóòtù 26 yí ní ẹ̀ẹ̀mejì, ọwọ́ á máa sọ pé ó bá a mu, bí sípánà bá sì ti fún un, ìlà á jẹ. Bó bá jẹ́ ti bíréèkì, ẹ̀mí lẹ fi ń tafà.

Ṣé èyí tí wọ́n tò báyìí lè lágbára?

Ní 1965, Dave Degens àti Rex Butcher fi Triton borí eré ìje wákàtí 24 ní Barcelona.

Ṣé ayédèrú ni?

Triton tí olówó rẹ̀ pè ní Triton ò parọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ohun tó ń bí mi nínú ni kí èèyàn fi fáìlì họ nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì lásán, kó tẹ nọ́ńbà Bonneville lé e kí owó lè gòkè. Olè jíjà nìyẹn.

Nọ́ńbà férémù àti ti ẹ́ńjìnnì yàtọ̀. Èwo ni ká tẹ̀ lé?

Férémù. Lábẹ́ òfin àtẹ̀yìnwá, máàkì 8 lọkọ̀ gbọ́dọ̀ ní kó tó lè máa lo nọ́ńbà rẹ̀ lọ: férémù ní 5, ẹ́ńjìnnì ní 1 péré. Òfin tuntun rọ̀ jùyẹn lọ, ṣùgbọ́n bí ẹ bá pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì, ẹ ṣì gbọ́dọ̀ fi nọ́ńbà tuntun ránṣẹ́.

Ṣé mo ṣì nílò MOT, àyẹ̀wò ọkọ̀ ọdọọdún?

Ọkọ̀ tó ti lé ní ogójì ọdún bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, bí wọn ò bá tíì yí i padà gidi láàárín ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn. Nítorí náà, Triton tí wọ́n tò ní 1964 tí wọn ò sì fọwọ́ kàn mọ́ lè bọ́. Èyí tí wọ́n tò lọ́dún tó kọjá ò lè bọ́. Bí ẹ bá bọ́ náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò.

Mo fẹ́ ra ọ̀kan. Kí ni kí n wò?

Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì lọ. Ẹ ka nọ́ńbà férémù, ẹ fi wé ìwé. Ẹ wo gbogbo ibi tí wọ́n ti jó irin, pàápàá nítòsí ọrùn férémù. Ẹ béèrè ẹni tó tò ó àti ọdún tó tò ó. Bí olówó rẹ̀ bá ní ìwé ń bọ̀ lọ́nà, kí owó yín náà dúró.

Mo ní odidi Norton àti odidi Triumph. Ṣé kí n pa wọ́n pọ̀?

Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é. Nígbà yẹn, férémù òfìfo ló wà nílẹ̀. Lónìí, odidi ló ń dínkù. Wọ́n ń ṣe férémù tuntun tó tẹ̀ lé Featherbed báyìí. Àmọ́ férémù tuntun ò ní ọjọ́ orí ti àtijọ́, ẹ béèrè lọ́wọ́ DVLA kí ẹ tó rà á.

Ìbánigbófò ńkọ́?

Ẹ sọ ohun tó jẹ́ gan-an fún wọn kí ẹ tó gbé e jáde. Ẹni tó bá kọ Bonneville sórí fọ́ọ̀mù nígbà tó jẹ́ Triton ló ń gùn, bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ó lè má rí kọ́bọ̀ gbà.