Ogun Kuwait àti góòlù Íńdíà

Nígbàkigbà tí ogun bá bẹ́ sílẹ̀ nílẹ̀ Lárúbáwá, ẹ ó gbọ́ lẹ́nu èèyàn pé: "Ṣé níbẹ̀ la ti ń ra epo ni?" Wọ́n gbà pé orílẹ̀-èdè tí kò bá ra epo lọ́wọ́ àwọn tó ń jà ti bọ́.

Ẹni tó ń ná ọjà Mile 12 á tètè rí àṣìṣe ibẹ̀. Bí ọkọ̀ kò bá wá láti òkè Ọya, ata tí wọ́n ká lẹ́yìnkùlé wa náà kì í dúró síye àná, torí gbogbo oníbàárà ti rọ́ lé e lórí. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹjọ ọdún 1990, ọmọ ogun Ìráàkì wọ Kuwait. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ka ríra epo wọn léèwọ̀, àwọn oníbàárà wọn sì kọrí sọ́dọ̀ àwọn olùtà yòókù. Àgbá epo rọ̀bì tó jẹ́ nǹkan bíi dọ́là 17 ní oṣù Keje ti kọjá dọ́là 35 ní oṣù Kẹwàá, ẹni yòówù kó tà á.

Owó epo nìkan kọ́ sì ni ogun ń mú lọ. Ẹ wo Íńdíà, tó ń ra epo wọlé. Àwọn ọmọ rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní Kuwait ló ń fi owó òkèèrè ránṣẹ́ sílé. Ogun dé, owó náà gbẹ. Ìjọba tún ní láti fi bàálù kó èèyàn tó lé ní 170,000 wálé.

Ogun náà kọ́ ló dá gbèsè Íńdíà sílẹ̀ o. Ilé ti ń jò kí òjò yìí tó dé. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di àárín ọdún 1991, owó òkèèrè tó kù lápò ìjọba kò lè ra ọjà ju ti ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ. Ní oṣù Keje, wọ́n gbé nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 47 góòlù lọ fi dógò ní báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Japan. Nílẹ̀ tó jẹ́ pé góòlù ni wọ́n fi ń ṣe ìyàwó lọ́ṣọ̀ọ́, ẹ fojú inú wo bí ìròyìn náà ṣe dun aráàlú tó.

Lẹ́yìn ìgbà náà, Íńdíà gbẹ́ ihò sínú àpáta ní Visakhapatnam, Mangaluru àti Padur láti tọ́jú epo rọ̀bì pa mọ́. Ó lè gba mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù 5.33. Àwọn kan gbà pé ìyẹn ti yanjú ẹ̀. Bí ó bá kún dẹ́nu, ìṣirò ìjọba wọn fúnra rẹ̀ ni pé ọjọ́ mẹ́sàn-án àtààbọ̀ ni orílẹ̀-èdè náà máa fi lò ó tán.