Mozart kì í ṣe ìsọ̀yè

Láàárín oṣù kan ṣoṣo, òbí mẹ́ta ti bi mí ní ìbéèrè kan náà: "Ẹ̀gbọ́n, orin òyìnbó wo ni kí n máa fi sí i fún ọmọ mi kí ọpọlọ rẹ̀ lè jí?" Ọ̀kan nínú wọn ò tíì bí ọmọ ọ̀hún pàápàá. Ó ti ra íápíìsì, ó fẹ́ máa gbé e lé ikùn lálaalẹ́. Mo bi í bóyá inú ikùn lọ́mọ ti fẹ́ kọ WAEC. Kò rẹ́rìn-ín.

Ọdún 19 rèé tí mo ti ń kọ́ ọmọ ní gòjé òyìnbó, ìyẹn violin, ní Kubwa níbí, n kò sì ta ìsọ̀yè rí. Ẹni tó bá fẹ́ ọṣẹ ìsọ̀yè mọ ibi tí wọ́n ti ń gún un.

Ẹ jẹ́ n sọ bí irọ́ yìí, pé orin Mozart, olórin òyìnbó àtijọ́, ń jí ọpọlọ ọmọ, ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní 1993, àwọn olùwádìí mẹ́ta ní Yunifásítì California tó wà ní Irvine kó akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì 36 jọ. Wọ́n fi orin kan tí Mozart kọ fún dùùrù méjì sí i fún wọn fún ìṣẹ́jú 10, wọ́n wá fún wọn ní ìdánwò bí i ká ká bébà, ká gé e, ká sọ bó ṣe máa rí tá a bá tú u. Wọ́n ṣe é dáadáa díẹ̀ sí i. Kó tó tó ìṣẹ́jú 15, àǹfààní náà ti pòórá. Gbogbo ẹ̀ náà nìyẹn. Kò sí ọmọ ọwọ́ kankan láàárín wọn, kò sì sí aboyún. Síbẹ̀, ní 1998, Zell Miller tó jẹ́ gómìnà ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà ní kí wọ́n ya $105,000 sọ́tọ̀ láti fi fún gbogbo ọmọ tuntun lórin. Bí gómìnà bá lè gbà á gbọ́, kí ni mo fẹ́ sọ fún ẹni tó ń ta sídíì lábẹ́ bíríìjì?

N kò ní jókòó máa ṣàlàyé ohun tí ọ̀kẹ́sírà jẹ́. Ẹ ti rí i lórí tẹlifíṣàn. Iṣẹ́ tí mo fẹ́ kí ọmọ ṣe ni mò ń sọ, nítorí ọmọ tí orin ń dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bó ṣe ń ṣe iṣẹ́ àmúrelé kò gbọ́ nǹkan kan.

Ní Sátidé, mo máa ń tẹ́ ẹní, màá fi ìtàn olórin tí Prokofiev, olórin ará Rọ́ṣíà, kọ fún àwọn ọmọdé ní Moscow ní 1936 sí i, èyí tí ọmọkùnrin kan àti ìkookò wà nínú ẹ̀, tí ohùn èlò orin kọ̀ọ̀kan sì dúró fún ẹnì kan tàbí ẹranko kan. Àwọn tísà mìíràn á kọ́kọ́ pariwo pé fèrè ni ẹyẹ, oboe ni pẹ́pẹ́yẹ, clarinet ni ológbò (irú fèrè òyìnbó ni àwọn méjèèjì). Ó ti parí nìyẹn, ọmọ ò ní ohun tó máa wá mọ́. Èmi kì í sọ. Mo máa ń bi wọ́n pé, "Ta ló ń bọ̀ yẹn?" Nígbà tí bassoon, fèrè ńlá tó ń dún nísàlẹ̀, dún, ọmọ kan ní ìyá àgbà tí orúnkún ń dùn ni. Bàbá àgbà ni, àmọ́ orúnkún yẹn, òótọ́ ni. Lẹ́yìn náà ni màá pín ohùn fún wọn, ẹyọ kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Tí ohùn rẹ bá dún, dìde. Tó bá dákẹ́, jókòó bí òkúta. Ìjókòó yẹn gan-an ló le.

Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin ọdún 6 kan tí mo fún ní oboe ti jókòó tipẹ́, nítorí ìkookò ti gbé pẹ́pẹ́yẹ mì. Nígbà tí orin ń lọ sópin, ó fò sókè: "Kò tíì kú! Ó wà nínú ikùn ìkookò!" Bẹ́ẹ̀ sì ni Prokofiev ṣe kọ ọ́, oboe á tún dún fẹ́ẹ́rẹ́ níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún un.

Ọmọkùnrin kan tí wọ́n tọ́ dàgbà ní Suleja sọ pé oboe yẹn, algaita, fèrè àwọn Hausa tí wọ́n ń fọn níwájú Ẹ́mía, ni. Bàbá rẹ̀ ní, "Fi ìyẹn sílẹ̀, ti òyìnbó là ń sọ." Mo ní kí bàbá fara balẹ̀. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n: ewé esùsú méjì tó lẹ̀ mọ́ra ni afẹ́fẹ́ ń gbọ̀n lẹ́nu àwọn méjèèjì. Bí ọmọ yín bá lè dá ohùn gúdúgúdú mọ̀ lábẹ́ ariwo ìyáàlù níbi ìnáwó, ó ti kọjá ibi tí ẹ rò. Ẹ sì máa fi ti Fela Sowande, ọmọ Nàìjíríà, sí i fún wọn. Ní 1944 ló kọ African Suite fún àwọn olókùn, ẹ ó sì rí i bí ìdí àwọn ọmọ ṣe máa ń mì tó bá kan apá tó gbẹ̀yìn, níbi tí àwọn gòjé ti ń lu háíláìfù.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni fóònù. Okùn tó nípọn jù lára double bass, gòjé òyìnbó tó tóbi jù, ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 41 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Sípíkà fóònù tí kò ju èékánná lọ kò lágbára àtiti afẹ́fẹ́ báyẹn. Ní 1886, Saint-Saëns, olórin ará Faransé, fi double bass ṣe erin nínú orin rẹ̀. Lórí fóònù yín, erin ti di ewúrẹ́. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó wá sọ fún mi pé orin òyìnbó ò ní ìsàlẹ̀. Ẹ gbé sípíkà àtijọ́ tí bàbá fi aṣọ bò ní pálọ̀ jáde. Ẹ jẹ́ kí ọmọ fi àtẹ́lẹwọ́ lé àpótí náà, kí erin rìn lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Tí wọ́n bá mú iná lọ, ẹ dúró kó dé. Jẹnẹrétọ̀ á gbé gbogbo ohùn ìsàlẹ̀ mì.

Ohùn ìsàlẹ̀ yìí ló tàn mí jẹ lórí ọmọkùnrin ọdún 8 kan. Tí mo bá fún un ní double bass, kì í ṣìnà. Tí mo bá fún un ní triangle, irin kékeré tó ń dún wíńwín, á kàn jókòó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ìyá rẹ̀ kàn án níkòó lórí: "Olóríkunkun ni, bó ṣe ń ṣe nílé náà nìyí." Èmi náà ti fẹ́ gbà pé olóríkunkun ni. Ìgbà yẹn ni mo bi wọ́n bóyá ó ṣàìsàn rí.

Wọ́n ní ó ṣe àrùn yírunyírun ní Zaria nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin. Wọ́n dá a dúró sílé ìwòsàn, Ọlọ́run yọ ọ́. Látìgbà náà ló ti ń sọ "kí lẹ wí?" ṣáá, tó sì ń yí tẹlifíṣàn sókè. Ẹnì kan ti ro àdí gbígbóná sí i létí. Ẹlòmíràn gba owó, ó ní àwọn ará ilé bàbá ló di etí ọmọ. Àdí gbígbóná! Inú etí lọ́hùn-ún dà bí ìkarahun ìgbín: ẹnu ọ̀nà ni ohùn tín-ín-rín ń jókòó sí, ohùn ńlá wà ní ìkángun. Àrùn yẹn lè ba ibẹ̀ jẹ́, kò sì sí òróró tó lè dé ibẹ̀. Lápá Òkè Ọya níbí tí yírunyírun ti máa ń jà lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, ọmọ tó bá ṣe é tó yè gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ dókítà etí, kó má pẹ́ rárá. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún ìyá yìí kí wọ́n tó ní kó máa gbé ọmọ lọ sílé.

Oṣù méjì la fi jiyàn kí wọ́n tó lọ. Wọ́n fún un ní ẹ̀rọ ìgbọ́ràn, ọ̀kan sí etí kọ̀ọ̀kan. Ní Sátidé tó kọ́kọ́ lò ó wá, mo fi orin náà sí i, n kò sọ nǹkan kan. Nígbà tí triangle dún, ó sáré lọ sí ojú fèrèsé, ó wo ìsàlẹ̀ títì, ó ní, "Mọ́mì, oní-áísìkìrímù ti dé."