Ẹ̀yin Tẹ́ Ẹ Ń Fi Fọ́tò Mọ́ṣáláṣí Tọ́kì Ránṣẹ́ Sí Mi

Lọ́sẹ̀ tó kọjá nìkan, èèyàn mẹ́ta ló fi fọ́tò kan náà ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp: mọ́ṣáláṣí Sultan Ahmed ní Istanbul, lórílẹ̀-èdè Tọ́kì, dóòmù ńlá láàárín, àwọn kéékèèké yí i ká, mínárẹ́ẹ̀tì mẹ́fà nà gbọọrọ sójú ọ̀run. Ọ̀rọ̀ abẹ́ ẹ̀ náà, bákan náà ni. "Akitẹ́ẹ̀tì, irú eléyìí la fẹ́ o." Ilẹ̀ tó wà ńkọ́? Púlọ́ọ̀tì kan àtààbọ̀. Wọ́n tiẹ̀ ti mọ ògiri dé líńtẹ̀lì kí wọ́n tó rántí pé akitẹ́ẹ̀tì ń bẹ láyé, búlọ́ọ̀kù ínṣì mẹ́fà, ó wá ku kí n bá wọn gbé dóòmù lé e bí ìgbà téèyàn ń dé fìlà.

Ìyẹn ò tíì bí mi nínú. Ọdún kọkànlélógún rèé tí mo ti ń yàwòrán ilé, ojú mi ti rí tó. Alhaji kan ló wá fi iyọ̀ sí i. Bàbá yìí pè mí lálẹ́ Àlàmísì, ó bí mi lọ́mọ dáadáa, mi ò lè gbó o lẹ́nu. Ó ní, "Ọmọ mi, a ò fẹ́ ohunkóhun tó bá jọ ṣọ́ọ̀ṣì nínú mọ́ṣáláṣí wa o. Ti Tọ́kì yẹn gan-an ni kí o yà fún wa, òun ni ojúlówó." Mo ní, "Ẹ ṣé, Bàbá, mo ti gbọ́." Bí mo ṣe gbé fóònù sílẹ̀ báyìí ni mo bú sẹ́rìn-ín, ọkọ mi yọjú láti yàrá pé kí ló dé.

Inú ṣọ́ọ̀ṣì ni dóòmù tí Bàbá ń wí yẹn ti kọ́ṣẹ́.

Justinian, ọba Kọnstantinópù, ìyẹn Istanbul tòní, ló ní kí wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì Hagia Sophia. 532 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, 537 ni wọ́n parí, ọdún márùn-ún péré, bẹ́ẹ̀ àdúgbò kan wà tí mo mọ̀ tó fi ọdún mẹ́rin kọ́ ibi àlùwàlá. Anthemius ará Tralles àti Isidore ará Miletus ló yà á, onímọ̀ ìṣirò làwọn méjèèjì. Ó lé ní 900 ọdún tí wọ́n fi ń jọ́sìn onígbàgbọ́ níbẹ̀ kí Mehmed Kejì, ọba Ọ̀tómánì, ìyẹn ìjọba Tọ́kì àtijọ́, tó gba ìlú ní 1453. Ọba yìí ò wó o o. Ó sọ ọ́ di mọ́ṣáláṣí, ó kírun lábẹ́ dóòmù tó fẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 31, àtìgbà yẹn lọ, kò sí akitẹ́ẹ̀tì ìjọba Ọ̀tómánì kankan tó jí láàárọ̀ tí dóòmù yẹn ò wò ó lójú, bí ìgbà tí ẹ̀gbọ́n ẹni bá ti kọ́lé alájà mẹ́ta síwájú ilé ẹni.

Àmọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá fẹ́ gba ibẹ̀ yẹn sọ pé wọ́n kàn da ṣọ́ọ̀ṣì kọ ni, ẹ̀yin náà ẹ rọra. Àwọn Ọ̀tómánì ti ń kọ́ dóòmù tipẹ́ kí wọ́n tó wọ ìlú yẹn. Ulu Cami ní Bursa, tí wọ́n parí ní nǹkan bí 1400, ogún dóòmù ló wà lórí ẹ̀. Üç Şerefeli ní Edirne, 1447 ni wọ́n parí ẹ̀, dóòmù ẹ̀ fẹ̀ tó mítà 24, ọdún mẹ́fà kí Kọnstantinópù tó bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Àwọn Seljuk tó jọba níbẹ̀ ṣáájú wọn, tó fi Konya ṣe olú-ìlú, ni wọ́n jogún ẹnu ọ̀nà olókùúta ńlá yẹn lọ́wọ́ wọn, èyí tí wọ́n gbẹ́ òkè ẹ̀ bí afárá oyin, Seljuk náà sì kó púpọ̀ nínú tiwọn wá láti Páṣíà. Ẹ lọ wo mọ́ṣáláṣí tí wọ́n ń pè ní Yeşil ní Bursa, àwọn tó ṣe táìsì ara ògiri ẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ pé Tabriz làwọn ti wá, Ìráànì nìyẹn. Àwọ̀ búlúù àti funfun tí wọ́n ń ṣe ní İznik, àwo tánganran láti Ṣáínà tó kún ààfin ló kó sí wọn lórí. Sultan Ahmed tẹ́ ẹ ń fi fọ́tò ẹ̀ dà mí láàmú, táìsì İznik inú ẹ̀ lé ní 20,000. Ìgbà tó yá, wọ́n tún kọjú sí Yúróòpù: ààfin Dolmabahçe tí wọ́n parí ní 1856, ìdílé Balyan, ará Améníà, ló kọ́ ọ. Góòlù pọ̀ níbẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Èrò tèmi nìyẹn.

Tá a bá wá débi Sinan, akitẹ́ẹ̀tì Ọ̀tómánì, mo máa ń bọ́ fìlà. Abúlé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kayseri ni wọ́n ti bí i, ilé onígbàgbọ́ ni, ìjọba ló mú un gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń kó àwọn ọmọkùnrin onígbàgbọ́ nígbà yẹn, ó di mùsùlùmí, ó di ọmọ ogun Janissary, iṣẹ́ káfíńtà ló kọ́, ojú ogun ló ti ń kọ́ afárá. Ó ṣe olórí akitẹ́ẹ̀tì fún nǹkan bí àádọ́ta ọdún títí tó fi kú ní 1588, iṣẹ́ tí wọ́n kà sí i lọ́rùn lé ní 300. Wọ́n ní òun fúnra ẹ̀ ló sọ pé mọ́ṣáláṣí Şehzade tòun parí ní 1548, iṣẹ́ ọmọ-iṣẹ́ ni. Süleymaniye ti 1557, iṣẹ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe fúrídọ́ọ̀mù. Selimiye ní Edirne, ní 1575, níbẹ̀ lòun ti di ọ̀gá. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún nígbà yẹn o. Bíríkìlà tiwa á ṣiṣẹ́ ọdún kan ààbọ̀, á ní òun ti mọ̀ ọ́n tán.

Ọ̀rọ̀ tó gbé mi délé nìyí gan-an. Ẹ mú ọsàn kan, ẹ là á sí méjì, ẹ jẹ inú ẹ̀, kẹ́ ẹ wá dojú ìlàjì èèpo ẹ̀ dé orí tábìlì. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́. Ẹ rí i bí etí ẹ̀ ṣe ń tì síta tó sì ń ya? Dóòmù nìyẹn. Ìwúwo ẹ̀ ò kàn sọ̀ kalẹ̀ gbọnrangandan bíi ti òrùlé páánù, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó tún ń ti ògiri síta, tọ̀sán-tòru, kì í sinmi. Ẹ wá mú rọ́bà tí wọ́n fi ń di owó, ẹ fi yí etí èèpo kejì po, kẹ́ ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Ó gbà á. Rọ́bà yẹn là ń pè ní ríìngì bíìmù, òun ni èmi pẹ̀lú ẹ̀yin kọmítì máa ń jà lé lórí nígbà tẹ́ ẹ bá ní rọ́ọ̀dù inú ẹ̀ ti pọ̀ jù.

Àwọn ará Hagia Sophia fojú winá ẹ̀. Dóòmù àkọ́kọ́ yẹn tẹ́ jù, bó bá sì ṣe tẹ́ tó ló ṣe ń tì tó. Ilẹ̀ mì, ó wó ní 558. Isidore kékeré, ọmọ ẹbí ti àkọ́kọ́, ló tún un kọ́, ó sì gbé e ga sí i ní bíi mítà mẹ́fà kó lè dín títì yẹn kù. Apá kan tún já ní 989, òmíràn ní 1346. Sinan náà wá kún un ní òpó ńláńlá tó fi ti ògiri níta, wọ́n ṣì wà níbẹ̀ dòní, wọn ò rẹwà, bẹ́ẹ̀ àwọn ni ò jẹ́ kó wó. Torí náà, àwọn ìlàjì dóòmù tó rọ̀ mọ́ ti ńlá lára nínú fọ́tò yín yẹn, iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe. Ní Şehzade, mẹ́rin ni wọ́n, ìlàjì kọ̀ọ̀kan ń gba ẹrù lọ́wọ́ dóòmù ńlá, ó ń gbé e fún èyí tó kéré sí i, títí tó fi délẹ̀. Àwọn ilé ṣóńṣó tó jókòó sórí òpó, ìwúwo ni wọ́n gbé ka òpó yẹn lórí kó má baà yẹ̀ síta. Àárín òkúta sí òkúta, irin ni wọ́n fi há a, wọ́n yọ́ òjé sí i. Ẹ wá ní kí n yọ àwọn kéékèèké yẹn kúrò torí owó, kí n fi ńlá yẹn nìkan sílẹ̀. Lórí búlọ́ọ̀kù ínṣì mẹ́fà!

Ẹ má sì sọ fún mi mọ́ pé mọ́ṣáláṣí tí ò ní dóòmù, àdúà ibẹ̀ kì í gòkè. Ààfáà kan tó ń ta hantú ló sọ bẹ́ẹ̀ fún kọmítì kan lójú mi. Mọ́ṣáláṣí Ànọ́bì ní Mẹ̀dínà, igi ọ̀pẹ ni òpó ẹ̀, imọ̀ ọ̀pẹ ni wọ́n fi bò ó. Tó bá jẹ́ ti Ọ̀tómánì lẹ sì ń wá, ẹ lọ sí Martins Street ní Èkó, ẹ wo mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey. "Bey" tó wà lára orúkọ yẹn, Sultan Abdul Hamid Kejì ló fi dá Mohammed Shitta lọ́lá, Abdullah Quilliam sì wá láti Liverpool ṣojú Sultan níbi tí wọ́n ti ṣí mọ́ṣáláṣí ọ̀hún ní 1894. Ta ló kọ́ ọ? João Baptista da Costa, ọ̀kan nínú àwọn àgùdà tó ti Brazil bọ̀, iṣẹ́ ọwọ́ àgùdà sì ni látòkè délẹ̀. Wọ́n gbà á bẹ́ẹ̀.

Mo ní ìdí tí mo fi ń pariwo. Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án, nílùú kan tí mi ò ní dárúkọ, mo ya mọ́ṣáláṣí kan, dóòmù ẹ̀ ò ju mítà mẹ́jọ lọ. Rọ́ọ̀dù mẹ́fà, oní 20 mílí, ni mo ní kí wọ́n fi yí bíìmù po, kí wọ́n má sì yọ páńkó títí di ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n. Ìgbà tí mo débẹ̀, mo bá méjì, oní 10 mílí. Bíríkìlà ní òun wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é lórí YouTube. Mo bínú, mo kọ lẹ́tà sí kọmítì pé mi ò sí níbẹ̀ mọ́, mo wọ mọ́tò mi, mo lọ. Ọjọ́ kẹsàn-án tí wọ́n da kọnkéré ni wọ́n yọ páńkó torí pé ẹni tí wọ́n háyà ẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ fẹ́ gbà á padà. Ó ku díẹ̀ kí wọ́n pe ìrun alásárì. Ládàánì ní ohun tóun gbọ́ dà bí ìgbà tí wọ́n fa aṣọ ya. Ọmọ-iṣẹ́ kan tó ń gbálẹ̀ lábẹ́ ẹ̀ nìkan ló bá, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, wọ́n gé ẹsẹ̀ ẹ̀ kan lókè orúnkún.

Wọ́n ní ayé ló ṣe é. Wọ́n pa àgbò. Kò sẹ́ni tó kà bíìmù sí nǹkan kan nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Èmi náà, lẹ́tà yẹn ṣì wà nínú fáìlì mi, lẹ́tà tó gún régé, síìlì mi wà lórí ẹ̀. Ó yẹ kí n padà lọ síbẹ̀. Ó yẹ kí n jókòó sábẹ́ páńkó yẹn kí n ní ẹ ò ní yọ ọ́.

Alhaji tún ti fi fọ́tò míì ránṣẹ́ láàárọ̀ yìí. Selimiye ni lọ́tẹ̀ yìí. Mo ti fèsì pé kí wọ́n kọ́kọ́ wa ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kí wọ́n wọn ìpìlẹ̀ ẹ̀ fún mi, kí wọ́n sì ka rọ́ọ̀dù tó wà nínú òpó kọ̀ọ̀kan, pé èmi fúnra mi á wá wò ó lọ́jọ́ Sátidé. Wọ́n ti rí i. Wọn ò tíì dáhùn.