Ara Ẹni Ni À Ń Kọ́kọ́ Kó Níjàánu

Ní Sátidé kan nínú oṣù tó kọjá, wọ́n sáré pe èmi olùkọ́ ẹṣin síbi ìgbéyàwó kan ní Òkè-Fìà, ní Òṣogbo níbí. Ẹṣin tí ọkọ ìyàwó fẹ́ gùn wọlé kọ̀ láti kọjá níwájú àwọn onílù. Nígbà tí mo débẹ̀, ó dúró gbagidi, etí rẹ̀ nà ṣánṣán sọ́dọ̀ àwọn onídùndún, ihò imú rẹ̀ là, òógùn ti bo gbogbo ọrùn rẹ̀. Ẹni tó mú un wá ń fi pàṣán nà án nídìí, ó sì tún ń fa ìjánu rẹ̀ sẹ́yìn. Pàṣán ń sọ pé "máa lọ," ìjánu ń sọ pé "dúró." Èwo ni kí ẹranko gbọ́ níbẹ̀?

Mo gba okùn, mo bẹ àwọn onílù kí wọ́n sinmi díẹ̀, mo sì mú un rìn yípo lẹ́yìn àwọn ọkọ̀ títí èémí rẹ̀ fi balẹ̀. Ẹsẹ̀ ni ọkọ ìyàwó fi rìn wọlé lọ́jọ́ náà. Inú ẹbí kò dùn, ṣùgbọ́n ọmọ wọn kò ṣubú.

Ó ti lé ní 2,300 ọdún tí Xenophon, jagunjagun ilẹ̀ Gíríìkì, ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹṣin tí ẹ̀rù bá ń bà, a kì í nà án. Ìdí rẹ̀ rọrùn. Ẹṣin á ka ìrora pàṣán mọ́ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Ìlù dún, nǹkan ta á lẹ́yìn. Lójú tirẹ̀, ìlù ló ta á. Bó bá tún gbọ́ ìlù lọ́la, ẹ̀rù náà á ti pọ̀ ju ti àná lọ. Xenophon kan náà ló ní kí á máa mú ọmọ ẹṣin kọjá láàrin èrò àti ariwo ní pẹ̀lẹ́, kí ó lè fojú ara rẹ̀ rí i pé kò sí ewu níbẹ̀.

Ẹ̀kọ́ yìí ni àwọn ará Yúróòpù gbé títí dé ilé ẹ̀kọ́ ẹṣin Vienna ní Austria, èyí tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ ti wà láti 1565, tí wọ́n sì ń gun ẹṣin níbẹ̀ títí dòní. Níbẹ̀, ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé kì í di ìjánu mú, kì í sì í ki ẹsẹ̀ bọ àlùkẹ́ńbù, irin tí à ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gàárì. Olùkọ́ ló ń fi okùn gígùn darí ẹṣin yípo, akẹ́kọ̀ọ́ kàn ń jókòó ni. Ọ̀pọ̀ oṣù ni wọ́n fi ń ṣe bẹ́ẹ̀, títí ìbàdí rẹ̀ á fi mọ bí ẹ̀yìn ẹṣin ṣe ń lọ sókè sódò, tí kò ní máa fi ìjánu gbé ara rẹ̀ ró mọ́.

Ẹlòmíràn á ní kí ló kan Òṣogbo nínú ọ̀rọ̀ Vienna. Àwa náà kì í ṣe àjèjì sí ẹṣin. Ẹṣin ni Ọ̀yọ́ fi di alágbára, Olókùn-Ẹṣin sì jẹ́ oyè ńlá ní ààfin Aláàfin. Ìlú wa yìí gan-an ni àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin dé ní nǹkan bí 1840, kí àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn tó lé wọn padà. Ṣùgbọ́n òkè ọya ni wọ́n ti ń ra ọ̀pọ̀ ẹṣin wá, eṣinṣin tsetse kì í sì í jẹ́ kí wọ́n pẹ́ láyé ní ìhà igbó. Nítorí náà, ibi tí mo bá ti rí ìmọ̀ tó ń dáàbò bo ẹṣin, mo máa ń gbà á.

Ẹ jẹ́ ká wo ẹnu ẹṣin, nítorí ibẹ̀ ló ti ń dùn mí jù. Láàrin eyín iwájú àti eyín tí ẹṣin fi ń lọ oúnjẹ, àlàfo kan wà tí kò ní eyín. Ibẹ̀ ni irin ìjánu ń sùn lé. Ẹ fi ìka tẹ ojúgun yín: bí awọ ibẹ̀ ṣe fẹ́lẹ́ lórí egungun ni ibi tí mo ń wí yìí náà ṣe rí. Púpọ̀ nínú ìjánu tí wọ́n ń tà fún wa ní irin tó yọ sókè sí àjà ẹnu, ó tún ní òrùka tó yí àgbọ̀n ìsàlẹ̀ ká. Ẹ ti rí fọ́tò rẹ̀ lọ́jọ́ ọdún: ẹnu ẹṣin là, orí rẹ̀ wà lókè, àwọn èèyàn ń ní ẹṣin náà ń yan. Kò yan o. Ẹnu ló ń dùn ún, ibi tó máa gbé e gbà ló ń wá.

Àwa náà máa ń sọ fún èèyàn pé kó kó ara rẹ̀ níjàánu. Bí àwọn olùkọ́ ẹṣin àtijọ́ ṣe mú ọ̀rọ̀ náà gan-an nìyẹn: ẹni tó gun ẹṣin ló ń kọ́kọ́ kó ara rẹ̀ níjàánu. Ọwọ́ tó di ìjánu gbọ́dọ̀ dà bí ọwọ́ tí a fi mú ọmọ kékeré sọdá títì ní Ọláìyá: kò gbọdọ̀ bọ́, kò sì gbọdọ̀ fún ọmọ lọ́wọ́ pa. Bí ẹṣin bá sì ti ṣe ohun tí a fẹ́, kí ọwọ́ dẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Dídẹ̀ yẹn ló ń kọ́ ọ. Bí ẹ bá pẹ́ kí ẹ tó dẹ̀ ẹ́, ohun mìíràn tó ń ṣe lásìkò náà ló máa kọ́.

Ohun kan tún wà tí mò ń fi kọ́ gbogbo ẹṣin mi. Ẹsẹ̀ iwájú ẹṣin ló ń gbé nǹkan bí ìdá 60 nínú 100 ìwúwo ara rẹ̀. Bí a bá tún gun orí rẹ̀, ti iwájú á wá pọ̀ sí i. François Robichon de la Guérinière, olùkọ́ ẹṣin ní Faransé ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, fi bí a ṣe ń ran ẹsẹ̀ iwájú lọ́wọ́ hàn. Ẹṣin á máa rìn lọ lẹ́bàá ògiri, ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ á yà díẹ̀ wọ inú pápá, débi pé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tó wà nínú á máa wọ abẹ́ ikùn, á sì gba díẹ̀ nínú ẹrù náà. Ìṣísẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó fún ọjọ́ àkọ́kọ́. Ògiri bíríkì ni mo ń lò ní pápá kan ní ọ̀nà Ìkìrun, kò sì dí mi lọ́wọ́.

Abo ẹṣin kan wà lọ́dọ̀ mi tí ẹ̀rù ìlù máa ń bà bíi ti ẹṣin ọjọ́ ìgbéyàwó yẹn. Mo ní kí bàbá onígángan kan dúró ní ogójì ìṣísẹ̀ sí i, kó máa lu gángan jẹ́jẹ́ nígbà tí ẹṣin ń jẹ koríko. Bó bá gbé orí, tí etí rẹ̀ le, a kì í sún mọ́ ọn. Bó bá wálẹ̀, tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun, tó ń lá ètè, bàbá á dákẹ́ kí ẹṣin lè sinmi, kí a tó sún mọ́ ọn díẹ̀ sí i. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà la fi ṣe é. Ní ọjọ́ tó kẹ́yìn, ó ń jẹ koríko lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ bàbá, gángan ń dún lókè orí rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ gba ẹṣin fún ìnáwó, ẹ ní kí wọ́n mú un wá ní ọjọ́ méjì ṣáájú, kí onílù lu ìlù létí rẹ̀. Ẹ bi wọ́n ní ìwúwo rẹ̀: ìdá kan nínú márùn-ún ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ gbà pé ó lè gbé, tòun ti gàárì. Ẹṣin tó wọn 300 kílò, 60 kílò ni tirẹ̀. Ẹ ka agbádá mọ́ ọn. Ẹ ká gàárì kúrò, ẹ fọwọ́ pa ẹ̀yìn rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wo igun ẹnu rẹ̀ méjèèjì. Bí ẹ bá rí egbò níbẹ̀, ẹ má gbà á, kódà bí wọ́n bá dín owó rẹ̀ kù.