Yánníbo Lójú Títì: Bí Wọ́n Ṣe Ń Gba Ẹyin Ahun Tí Mọ́tò Pa Là

Nínú àlọ́, Yánníbo ló ń wá ọmọ, Ìjàpá ọkọ rẹ̀ ló sì gbéra lọ sílé babaláwo. Nínú àbàtà gidi, abo ahun ló ń rin ìrìn náà fúnra rẹ̀. Ahun omi tó ń gbé inú odò kéékèèké tó ń ṣàn wọ odò Ògùn kò lè yé sínú omi, torí ọmọ inú ẹyin á mumi kú. Ilẹ̀ gbígbẹ tí oòrùn ń dé ló ń wá. Ẹ̀bá títì tí wọ́n ti ro koríko rẹ̀, tí iyanrìn rẹ̀ rọ̀, ló sì jọ ohun tó ń wá jù. Bẹ́ẹ̀ ni mọ́tò ṣe ń bá a lọ́nà, tòun tẹyin nínú.

Igbá ẹ̀yìn rẹ̀ kì í ṣe ilé tó kàn gbé rù. Egungun ni, ó sì lẹ̀ mọ́ ìhà àti ọ̀pá ẹ̀yìn. Ahun omi a máa ti igbá àyà rẹ̀ pa níwájú bí ilẹ̀kùn. Irú ahun igbó kan wà tó jẹ́ ẹ̀yìn igbá ló ń rẹ̀ sílẹ̀ bo ẹsẹ̀. Ọgbọ́n yìí tó fún ajá, kò tó fún táyà. Bí mọ́tò bá ń bọ̀, kò ní sá, á fà wọlé ni, á sì dúró síbẹ̀.

Pé kò mira kò túmọ̀ sí pé ó ti kú. Ahun lè pẹ́ gan-an láì mí, ọkàn rẹ̀ sì lè máa lù lẹ́yìn tí orí rẹ̀ ti fọ́. Igbá tó sán ń jiná bí egungun ṣe ń jiná. Àwọn dókítà ẹranko a máa fi wáyà àti gúlúù mú un pọ̀, nítorí náà àlọ́ tó ní wọ́n tún ẹ̀yìn Ìjàpá tò kò fi bẹ́ẹ̀ parọ́. Inú páálí tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀ ni wọ́n ń gbé e sí lọ sọ́dọ̀ dókítà, láìfún un lómi tàbí oúnjẹ. Ní Abẹ́òkúta, FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní ọ̀nà Àlàbátà, ní ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣègùn ẹranko. Bí abo náà bá lágbára díẹ̀, abẹ́rẹ́ ọsitósìn, ọ̀kan náà tí wọ́n ń fún aboyún tó ń rọbí, lè mú kó yé ẹyin rẹ̀ jáde. Bó bá ti kú, dókítà á fi ọ̀bẹ la awọ tó rọ̀ níwájú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, á sì kó ẹyin síta. Èyí tí èèpo ti bò nìkan ló wúlò. Àwọn tó ṣì jẹ́ kìkì pupa ẹyin kò lè di ọmọ mọ́.

Kí ló dé tí ẹyin lè yè nínú ìyá tó ti kú? Nínú ikùn ìyá, ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í dá, ó sì dúró. Ọ́síjìn kò tó níbẹ̀, nítorí náà ó sùn, bó tilẹ̀ pẹ́ níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ìgbà tí ẹyin bá jáde tí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i ni oorun náà tó dá. Àmọ́ oorun yìí kì í ṣe àìkú: òkú ìyá á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà, ọ̀dà títì á sì gbóná débi pé ẹyin á jinná sínú rẹ̀. Wákàtí díẹ̀ ni àyè tó wà. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìkòkò ọbẹ̀ tàbí igbá elẹ́kulẹ́ja ló ń ṣáájú dókítà débẹ̀.

Ẹni tó mọ iṣẹ́ adìẹ, wọn ò sì wọ́n ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ló lè ṣìnà jù nídìí ẹyin ahun. Ẹyin adìẹ ní okùn funfun méjì tó mú pupa rẹ̀ dúró láàárín, nítorí náà ẹ̀rọ tí ń sàba a máa yí i lọ́pọ̀ ìgbà lójúmọ́. Ẹyin ahun kò ní okùn yẹn. Láàárín nǹkan bí ọjọ́ kan tí ẹyin jáde, ọmọ á léfòó dé òkè, á lẹ̀ mọ́ inú èèpo. Yíyí ẹyin lẹ́yìn ìyẹn lè já a, kó sì pa á. Wọ́n á wá fi pẹ́ńsù sàmì sí òkè ẹyin kọ̀ọ̀kan, wọn ò sì ní fọ̀ ọ́. Bó jẹ́ pé ihò tí mọ́tò tú ká lẹ́bàá títì ni wọ́n ti rí i, bó ṣe dojú kọ òkè níbẹ̀ ni wọ́n á gbé e lọ.

Ike onídèérí ni ibùsùn, iyanrìn tó rin díẹ̀ sì wà nínú rẹ̀: bí èèyàn bá fún un lọ́wọ́, kí omi má kán. Ẹ̀rọ adìẹ gbóná ju fún un, nítorí ìwọ̀n ooru 37.5°C ló ń lò. Nǹkan bí 28 sí 30 ló dára fún ahun. Èyí kò jìnnà sí ooru inú yàrá ní Abẹ́òkúta, nítorí náà àìsí iná kì í dà á láàmú tó bó ṣe ń da aládìẹ láàmú. Fún ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ahun, ooru yìí náà ló ń pinnu bóyá akọ tàbí abo ni wọ́n máa jẹ́.

Ojú funfun kan á kọ́kọ́ yọ lókè èèpo, á sì máa fẹ̀ sí i: ọmọ ti lẹ̀ mọ́ ọn nìyẹn. Bí wọ́n bá fi tọ́ọ̀ṣì wò ó lẹ́yìn náà, iṣan ẹ̀jẹ̀ á hàn. Adìẹ ń pa lọ́jọ́ 21. Ahun sábà máa ń gba oṣù méjì sí mẹ́ta, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gún kékeré lórí imú ni ọmọ fi ń gé èèpo, àpò pupa ẹyin ṣì máa ń rọ̀ mọ́ inú rẹ̀, nítorí náà wọn kì í fà á jáde. Ó lè wà nínú èèpo rẹ̀ fún ọjọ́ kan tàbí méjì, títí tí àpò náà á fi wọlé. Etí omi tí ìyá rẹ̀ ti jáde wá ni wọ́n á gbé e lọ, ní ẹ̀gbẹ́ títì tí kò ní sí pé ó tún ń sọdá.