Ipa Ìgbésí-Ayé àti Ohun Àmúlò Iṣẹ́: Ohun Méjì Tó Ń Darí Olùkọ́ Ọmọ Kékeré

Nínú ẹ̀kọ́ nípa títọ́ àti kíkọ́ àwọn ọmọ kékeré, ìyẹn àwọn tí ọjọ́ orí wọn kò tíì ju ọdún 8 lọ gẹ́gẹ́ bí àjọ UNESCO ṣe pín in, ohun méjì kan wà tí ó yẹ kí olùkọ́ yẹ̀ wò kí ó tó dúró níwájú ọmọ ẹnikẹ́ni. Àkọ́kọ́ ni ipa ìgbésí-ayé, tí í ṣe gbogbo ohun tí ó ti sọ olùkọ́ náà di irú ènìyàn tí ó jẹ́: ilé tí wọ́n bí i sí, èdè tí ó kọ́kọ́ gbọ́, ẹ̀sìn rẹ̀, irú ìtọ́jú àti ìbáwí tí ó rí gbà, olùkọ́ tí ó fẹ́ràn àti èyí tí ó bẹ̀rù. Èkejì ni ohun àmúlò iṣẹ́, ìyẹn ìmọ̀ tí àwọn onímọ̀ ti kó jọ nípa ọmọdé, ìlànà ìjọba, ìwé ètò ẹ̀kọ́, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ tí olùkọ́ lè bá jíròrò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé nígbà tí olùkọ́ bá ti gba ìwé ẹ̀rí, èkejì ti lé àkọ́kọ́ jáde. Kò rí bẹ́ẹ̀. Méjèèjì ni wọ́n jọ ń wọ kíláàsì lójoojúmọ́, ohun tí ó sì ya olùkọ́ tí ó mọṣẹ́ sọ́tọ̀ ni pé ó mọ èyí tí ó ń sọ̀rọ̀ nínú òun ní àkókò kọ̀ọ̀kan.

Ní ọdún 1975, Dan Lortie, onímọ̀ nípa àwùjọ ẹ̀dá ní Yunifásítì Chicago ní Amẹ́ríkà, ṣe àlàyé kan tí àwọn tó ń kọ́ olùkọ́ níṣẹ́ ṣì ń lò títí di òní. Ó ní iṣẹ́ olùkọ́ kò dà bí àwọn iṣẹ́ mìíràn, nítorí pé ẹni tí yóò ṣe é ti ń wò ó láti kékeré. Ní ìṣirò tirẹ̀, nígbà tí ọmọ Amẹ́ríkà kan bá fi máa jáde ilé ẹ̀kọ́ girama, yóò ti lo nǹkan bíi wákàtí 13,000 lọ́dọ̀ àwọn olùkọ́. Ìkọ́ṣẹ́ nìyẹn, ìkọ́ṣẹ́ àfojúwò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò pè é bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Àbùkù rẹ̀ ni pé ohun tí olùkọ́ ń ṣe níta nìkan ni ọmọ ń rí. Ó ń rí ẹgba tí wọ́n gbé sókè, ó ń gbọ́ ohùn tí wọ́n fi pa kíláàsì lẹ́nu mọ́, ṣùgbọ́n kò rí ìpinnu, ìmúrasílẹ̀ tàbí iyèméjì tí ó wà lẹ́yìn wọn. Nígbà tí òun náà bá wá di olùkọ́, tí ogún ọmọ ọlọ́dún mẹ́ta bá ń sunkún, tí wọ́n ń sáré, tí ọ̀kan sì ti da omi sílẹ̀, kò sí àyè láti ronú nípa ohun tí ó kà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ohun tí ojú rẹ̀ ti rí ní kékeré ni ọwọ́ rẹ̀ yóò ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ ọwọ́ òsì wò, nítorí pé àpẹẹrẹ rẹ̀ pọ̀ láàárín wa. Olùkọ́ tí a tọ́ nílé Yorùbá ti gbọ́ ọ láìmọye ìgbà pé ọmọ àlè ní í fọwọ́ òsì júwe ilé baba rẹ̀. A kì í fọwọ́ òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, a kì í fi jẹun, a kì í fi í kí ènìyàn. Nígbà tí olùkọ́ yìí bá wá rí ọmọ ọlọ́dún mẹ́rin kan tí ó fọwọ́ òsì mú pẹ́ńsù, ó lè má ronú rárá kí ó tó gba pẹ́ńsù náà tí yóò sì fi í sí ọwọ́ ọ̀tún. Kò ka ohun tí ó ṣe sí ìpinnu. Ìwà ọmọlúàbí ni ó rò pé òun ń kọ́ ọmọ náà. Ipa ìgbésí-ayé ni ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Ohun àmúlò iṣẹ́ ní ohun mìíràn láti sọ. Ènìyàn bí ẹyọ kan nínú mẹ́wàá ni ó ń lo ọwọ́ òsì káàkiri ayé, inú ọpọlọ ni ó sì ti ń wá, kì í ṣe láti inú oríkunkun. Ọwọ́ tí ọmọ yàn láàyò sábà máa ń hàn kí ó tó wọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bí a bá fipá mú un láti pààrọ̀ rẹ̀, ìkọ̀wé á di ohun ìrora fún un, ó sì lè bẹ̀rẹ̀ sí rò pé òun kò gbọ́n tó àwọn yòókù. Ìmọ̀ yìí kò sì dúró sórí ìkìlọ̀ nìkan, ó kọ́ olùkọ́ ní ohun tí yóò ṣe: kí ó jẹ́ kí ọmọ náà tẹ orí ìwé rẹ̀ díẹ̀ sí apá ọ̀tún, kí ó di pẹ́ńsù mú lókè díẹ̀ sí ibi ṣóńṣó rẹ̀ kí ó lè máa rí ohun tí ó ń kọ, kí ó sì jókòó sí ìpẹ̀kun àga ní apá òsì kí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ àti ti ẹni tí ó jókòó tì í má baà máa kọlu ara wọn. Kò sí èyí tí ó ń gba owó níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ìwé ti wá fagi lé àṣà níbí. Ọmọ kan náà lè fọwọ́ òsì kọ̀wé kí ó sì fọwọ́ ọ̀tún gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, nítorí pé ọ̀kan jẹ́ ọ̀rọ̀ bí a ṣe dá a, èkejì sì jẹ́ ọ̀rọ̀ bíbọ̀wọ̀ fún ènìyàn. Olùkọ́ tí ó bá lè ya méjèèjì sọ́tọ̀, tí ó sì lè ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyá ọmọ náà láìbú ìyá náà, ti ṣe ohun tí ìwé nìkan kò lè ṣe, tí àṣà nìkan kò sì lè ṣe.

Ọ̀rọ̀ èdè ni ó tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Púpọ̀ nínú àwọn olùkọ́ tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ lónìí ni wọ́n fìyà jẹ ní ilé ẹ̀kọ́ nítorí pé wọ́n sọ Yorùbá. Ìrora yẹn kì í parẹ́ lọ́gán. Ó máa ń di ìgbàgbọ́ pé ọmọ tí a bá fi Yorùbá kọ́ ni kò ní mọ̀wé. Ohun àmúlò iṣẹ́ tí ó lágbára jù lọ lórí ọ̀rọ̀ yìí, àárín wa gan-an ni ó ti jáde. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà kan ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́. Àwọn ọmọ kíláàsì kan fi Yorùbá kọ́ gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, olùkọ́ tí ó mọ iṣẹ́ náà dunjú sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan. Àwọn ẹgbẹ́ wọn tí a fi ṣe àfiwé fi Yorùbá kọ́ṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà wọ́n bọ́ sórí Gẹ̀ẹ́sì bí wọ́n ṣe ń ṣe níbòmíràn. Àwọn tí ó fi Yorùbá kàwé dé òpin kò rẹ̀yìn. Wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Ohun kan wà nínú ìtàn yìí tí a kì í sábà tẹnu mọ́. Kí iṣẹ́ náà tó lè bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní láti kọ ìwé ìṣirò, ti sáyẹ́ǹsì àti ti ìmọ̀ àwùjọ ní Yorùbá, wọ́n sì ní láti dá olùkọ́ lẹ́kọ̀ọ́ lórí bí a ṣe ń lò wọ́n. Nítorí náà, bí olùkọ́ kan bá sọ fún mi pé òun fẹ́ràn èdè òun ṣùgbọ́n òun kò rí ohun tí òun yóò fi kọ́ ọmọ, mo gbà pé ó sọ òtítọ́. Ìfẹ́ èdè jẹ́ ipa ìgbésí-ayé. Ìwé tí a ti dán wò nínú kíláàsì jẹ́ ohun àmúlò iṣẹ́, ẹnìkan sì ní láti jókòó kọ ọ́.

Ipa ìgbésí-ayé kì í ṣe ìṣòro tí a gbọ́dọ̀ wò sàn, ìtàn Friedrich Froebel, olùkọ́ tí ó dá jẹ́léósinmi sílẹ̀, sì jẹ́ ẹ̀rí èyí. Jámánì ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1782, ìyá rẹ̀ sì kú kí ó tó pé ọmọ ọdún kan. Bàbá rẹ̀ jẹ́ pásítọ̀ tí iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn rẹ̀, ọmọ náà sì dàgbà ní ẹni tí ó máa ń dá wà, tí ó fẹ́ràn igi àti ewéko. Ní ọdún 1837 ó dá ibi ìṣeré àti ìkẹ́kọ̀ọ́ kan sílẹ̀ fún àwọn ọmọ kékeré ní ìlú Blankenburg, ó sì sọ ọ́ ní Kindergarten, ìyẹn ọgbà àwọn ọmọdé, ní ọdún 1840. Ohun tí ó jọ mí lójú jù ni pé Froebel kò fi í mọ sí kí ó máa ro ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ fún ènìyàn. Ó ṣe bọ́ọ̀lù tí a fi òwú hun, ó ṣe igi roboto àti igi onígun mẹ́rin, ó kọ bí a ṣe ń lò wọ́n sílẹ̀, débi pé olùkọ́ tí kò rí i rí lè gbìyànjú rẹ̀ kí ó sì sọ bóyá ó ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́. Báyìí ni ìrírí ẹnìkan ṣe ń di ohun àmúlò iṣẹ́ fún gbogbo ènìyàn. Olùkọ́ tí ìyá àgbà rẹ̀ pàlọ́ fún ní alaalẹ́ ní irú ọrọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, bí ó bá lè kọ ọ́ sílẹ̀: irú àlọ́ tí ó bá ọjọ́ orí wo mu, ibi tí ó yẹ kí ó dánu dúró kí àwọn ọmọ sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀, àti àwọn ọ̀rọ̀ tuntun tí wọ́n rí kọ́ níbẹ̀.

Àwọn ohun àmúlò tí ó wà fún olùkọ́ ní Nàìjíríà kò ṣòro láti dárúkọ. Ẹ̀kọ́ ìwé ẹ̀rí olùkọ́ tí a ń pè ní NCE wà fún ìtọ́jú àti ẹ̀kọ́ ọmọ kékeré ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́. Àjọ TRCN ń forúkọ olùkọ́ sílẹ̀, ó sì ní òfin ìwà tí olùkọ́ gbọ́dọ̀ tẹ̀lé. Àjọ NERDC ni ó ń ṣe ìwé ètò ẹ̀kọ́. Ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè sì ti ka ọdún kan ṣáájú ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ̀kọ́ tí ó jẹ́ ẹ̀tọ́ gbogbo ọmọ. Ó dùn mí pé ọ̀pọ̀ jẹ́léósinmi ni olùkọ́ rẹ̀ kò tíì fojú kan ọ̀kankan nínú ìwé wọ̀nyí, nítorí pé wọ́n gbà á síṣẹ́ kété tí ó jáde girama, wọ́n sì fi ọmọ lé e lọ́wọ́ ní ọjọ́ kejì. Irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ kò ní ohun mìíràn láti lò ju ìgbà èwe tirẹ̀ lọ, a kò sì gbọ́dọ̀ dá a lẹ́bi fún un.

Ó sì yẹ kí a máa yẹ àwọn ìwé náà wò, nítorí pé ènìyàn tí a tọ́ níbì kan ni ó kọ wọ́n. Ní ọdún 1987, NAEYC, ẹgbẹ́ àwọn tó ń rí sí ẹ̀kọ́ ọmọ kékeré ní Amẹ́ríkà, gbé ìlànà kan jáde lórí ohun tí ó bá ìdàgbàsókè ọmọ mu. Àwọn onímọ̀ kan sọ pé ìlànà náà kò fi bẹ́ẹ̀ ro àṣà ilé tí ọmọ ti wá, nígbà tí ẹgbẹ́ náà sì tún un ṣe ní ọdún 1997, wọ́n fi ipò àṣà kún un. Olùkọ́ Yorùbá lè rí ìdí rẹ̀ kíákíá. Ọmọ tí a kọ́ nílé pé kí ó má ṣe wo àgbà lójú yóò dojú bolẹ̀ nígbà tí olùkọ́ bá ń bá a wí. Ní jẹ́léósinmi kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹni tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọ náà kò fetí sílẹ̀, tàbí kí ó bẹ̀rẹ̀ sí fura pé nǹkan ń ṣe é. Nínú irú ọ̀rọ̀ yìí, olùkọ́ tí a tọ́ ní irú ilé kan náà ni ó ní ìmọ̀ tí ìwé kò ní, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti sọ ọ́ jáde.

Ọ̀nà tí ipa ìgbésí-ayé àti ohun àmúlò iṣẹ́ fi ń pàdé kò le. Olùkọ́ á ra ìwé ìkọ̀wé kan, á sì máa kọ ohun tí ó rí sílẹ̀ kí ó tó kọ ohun tí ó rò nípa rẹ̀. "Àìná kì í gbọ́ràn" jẹ́ èrò. "Àìná dìde lẹ́ẹ̀mẹta nígbà tí à ń kàwé, ó lọ dúró lójú fèrèsé, ó sì padà fúnra rẹ̀" jẹ́ ohun tí ojú rí. Bí ó bá ti kọ ti èkejì, kí ó wá bi ara rẹ̀ ohun tí wọn ì bá ti ṣe fún òun ní kékeré bí òun bá dìde bẹ́ẹ̀, kí ó sì bi ìwé tàbí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bóyá ọmọ ọdún mẹ́ta lè jókòó sójú kan fún iye ìṣẹ́jú tí ó ní kí wọ́n jókòó. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni yóò rí i pé ìjókòó náà ni ó gùn jù. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tí ó bá fẹ́ ran àwọn olùkọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ lè fi wákàtí kan sílẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn tí àwọn òbí bá ti wá mú ọmọ wọn, kí olùkọ́ méjì méjì jókòó ka ohun tí wọ́n kọ sí etígbọ̀ọ́ ara wọn, kí ìwé ètò ẹ̀kọ́ sì wà lórí tábìlì.